Títẹ ikùn fún X-ray ìfun: bí àwòrán yóò ṣe mọ́ láìjẹ́ pé aláìsàn jìyà

Aláìsàn ti mu barium tán, oògùn funfun tó ń jẹ́ kí ìfun hàn lórí X-ray, ó ti dùbúlẹ̀ lórí tábìlì. A gbé ohun ìtẹkùn lé e, ikùn le gbagidi. A fi agbára kún un, ikùn tún le sí i. Aláìsàn pariwo, ó mira, àwòrán sì jáde ní bàìbàì: barium ṣù jọ sójú kan, ìfun gun ara wọn lórí, ọgbẹ́ tí dókítà ní kí a bá òun wá kò hàn. Ẹjọ́ yìí kì í tán láàárín àwa tí a ń ya X-ray inú ní Òṣogbo, yálà ní ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ní ibi ìyàwòrán aládàáni.

Àwọn kan wà tí àánú máa ń ṣe, tí wọn kì í tẹ ikùn rárá. Àwọn náà ń fìyà jẹ aláìsàn láìmọ̀. Àwòrán tí kò ṣeé kà yóò dá ẹni náà padà wá mu barium lẹ́ẹ̀kejì, yóò san owó mìíràn, yóò tún gba ìtànṣán mìíràn sára.

Èémí aláìsàn ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, ẹ gbàgbé apá yín. Ikùn tó dẹ̀, ìwọ̀nba agbára ni yóò tẹ̀ ẹ́. Ikùn tó le, kò sí agbára tí a lè lò tí kò ní di ìrora kí ó tó di àwòrán. Nítorí náà, apá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni a gbọ́dọ̀ ti ṣe tán kí ọwọ́ tó kan ikùn.

Ẹ kúkú rántí ohun tí a ń torí rẹ̀ tẹ ikùn. A fẹ́ kí barium tó nípọn di fẹ́lẹ́, kí ìṣẹ́po ara àpòlúkù àti ti ìfun lè hàn. A fẹ́ ya ìfun tó gun ara wọn lórí sọ́tọ̀. A sì fẹ́ kí ara tí ìtànṣán yóò gbà kọjá dín ní sísanra, nítorí ìtànṣán tó ń fọ́n káàkiri nínú ara sísanra ló ń ba àwòrán jẹ́. Bí ohun tí ẹ ń tẹ̀ kò bá ṣe ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ gbé e kúrò.

OHUN TÍ A NÍLÒ

Ẹ kó wọn jọ kí aláìsàn tó wọlé. Kò dáa kí ènìyàn dùbúlẹ̀ ní ìhòòhò ààbọ̀ kí a máa wá ìrọ̀rí kiri.

– Ohun ìtẹkùn tí ìtànṣán ń gba inú rẹ̀ kọjá láìhàn lórí àwòrán. Èyí tó ní bàlúù lórí, tí a ń fi bọ́ọ̀lù ọwọ́ fẹ́ bíi ti ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru, ló tu aláìsàn lára jù. Síbí gbọọrọ onírọ́bà tàbí onígi náà dára, bí etí rẹ̀ bá yípo tí ó sì dán. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń lo ọmọrogùn tí wọ́n rà lọ́jà. Etí rẹ̀ máa ń gún ènìyàn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àmàlà.
– Fóòmù tàbí táwẹ́ẹ̀lì tí a ká, fún àwòrán ìdojúbolẹ̀. Ẹni tó ń gé fóòmù àga ní Ìgbọ̀nà tàbí Òkè-Fìà lè bá yín gé e. Kí ó máà ní ìdè irin tàbí sípì nínú.
– Ìrọ̀rí méjì, ọ̀kan fún orí, ọ̀kan fún abẹ́ orúnkún.
– Épúrọ́ọ̀nù òjé 0.5 mm, ìbọ̀wọ́ òjé tí kò dín ní 0.25 mm, àti báàjì tó ń ka ìtànṣán tó wọ ara òṣìṣẹ́. Ẹ so báàjì náà mọ́ra. Inú dúrọ́ọ̀ kọ́ ni ibùgbé rẹ̀.
– Aṣọ aláìsàn tó ní okùn dípò bọ́tìnnì, àti aṣọ ìbora kan.
– Ẹnì kejì nínú yàrá. Bí aláìsàn bá jẹ́ obìnrin tí ẹni tó fẹ́ tẹ ikùn jẹ́ ọkùnrin, kí ẹnì kejì jẹ́ obìnrin.

ÌGBÉSẸ̀ 1: Ẹ yọ àwọn tí a kò gbọdọ̀ tẹ̀ sọ́tọ̀

Ìwé tí dókítà kọ ránṣẹ́ kì í sábà ju ìlà kan lọ. Ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnu yín béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn.

Ẹni tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í ro lójijì, tí ikùn rẹ̀ le, tí ibà sì mú, ó lè jẹ́ pé ìfun rẹ̀ ti lu. A kì í fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní barium, a kì í sì í tẹ ikùn rẹ̀. Ẹ pe dókítà tó ń ka àwòrán lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó ń bì, tí ikùn rẹ̀ wú, tí kò yàgbẹ́ tí kò sì só: ìfun rẹ̀ lè ti dí.

Ẹ béèrè iṣẹ́ abẹ. "Ṣé wọ́n ti la inú yín rí? Ìgbà wo ni?" Bí ojú ọgbẹ́ kò bá tíì jinná dáadáa, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ẹran díẹ̀ nínú ìfun rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ọjọ́ tí ó lè padà wá. Ẹni tí wọ́n fún ní kíndìnrín ẹlòmíràn, iwájú ìbàdí ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí, nítorí náà ẹ má fi ohunkóhun kan ibẹ̀.

Àgbàlagbà tí nǹkan ń lù kìkì láàárín ikùn rẹ̀ lókè ìdodo, tí ó sì tóbi lábẹ́ ọwọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ó lè jẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá ló wú. Ẹ̀wẹ̀, ní ilẹ̀ wa níbí, a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún àmọ́ inú (ọlọ inú, spleen) tó wú, pàápàá lára ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde àti ẹni tí ibà ti bá fínra tipẹ́. Abẹ́ egungun ìhà òsì ni ó wà. Bí ó bá ti wú yọ síta, títẹ̀ lè fà á ya. Ẹ má fi síbí dé apá òkè ikùn lósì lára irú wọn.

Oyún ńkọ́? "Ọjọ́ wo ni ẹ rí nǹkan oṣù yín gbẹ̀yìn, mà?" Ẹ má béèrè rẹ̀ níwájú ìyá ọkọ tó bá a wá, torí ó lè má sọ òótọ́. Ẹ pè é wọlé ní òun nìkan.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á béèrè ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n á gbàgbé nígbà tí wọ́n bá dé orí tábìlì. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé aláìsàn: "Ẹ má tẹ òkè òsì," tàbí "Ojú abẹ wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀tún."

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ẹ lè sọ ibi tí ẹ lè tẹ̀ àti ibi tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn lára ẹni yìí láìwo ìwé? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú.

ÌGBÉSẸ̀ 2: Ikùn tó ṣófo, àpò ìtọ̀ tó ṣófo, ìbàdí tó ṣófo

Láti ààjìn òru ni kí aláìsàn ti yé jẹun, kí ó yé mu omi. Ẹ sọ ọ́ yékéyéké, torí ọ̀pọ̀ ni kò ka ẹ̀kọ mímu sí oúnjẹ. Ṣìgọ́ọ̀mù àti sìgá náà kò sí níbẹ̀, nítorí wọ́n máa ń jẹ́ kí omi sun sínú àpòlúkù, omi yẹn kì í sì í jẹ́ kí barium lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀, kí ó sì ti bi dókítà rẹ̀ bí òun yóò ṣe lo oògùn òun lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù Ràmádáànì, àwọn kan máa ń wá pẹ̀lú ààwẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti ṣe ìlànà tán nìyẹn. Òótọ́ ni pé inú wọn ṣófo, ṣùgbọ́n barium mímu yóò ba ààwẹ̀ wọn jẹ́. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú, kí wọ́n tó ti Ìkìrun tàbí Ẹdẹ wọ mọ́tò. Bí iṣẹ́ náà kò bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ fún wọn ní ọjọ́ lẹ́yìn ìtúnu.

Kí aláìsàn lọ tọ̀ kí ó tó dùbúlẹ̀, bí kò tilẹ̀ gbọ̀n ọ́n. Àpò ìtọ̀ tó kún ni ìdí ìrora nínú ìdajì ẹjọ́ tí mo máa ń gbọ́ pé "ìsàlẹ̀ inú ló ń dùn mí nígbà tí wọ́n tẹ̀ mí." Ó tún máa ń ti ìfun tó wà nísàlẹ̀ kúrò ní ipò wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìbàdí. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí máa ń hàn lórí àwòrán wéréwéré, yóò sì tún tẹ ara nígbà tí ènìyàn bá dojú bolẹ̀ lé e. Ìgbàdí tàbí oǹdè náà wà lára àwọn ọkùnrin kan. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì fi ọwọ́ yín tú u. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí nǹkan kan bá wà ní ìbàdí yín, ẹ bá wa bọ́ ọ sínú àpò yín. Ọwọ́ yín ni yóò wà títí a ó fi ṣe tán." Ẹni tí a bá bá sọ̀rọ̀ báyìí kì í bínú. Ẹni tó bá sì ní òun kò lè bọ́ ọ, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó sún un sókè tàbí sísàlẹ̀ ibi tí a fẹ́ yà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ya àwòrán kan ṣáájú barium. Kò gbọdọ̀ sí ìlẹ̀kẹ̀, píìnì tàbí owó ẹyọ kankan lórí rẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ 3: Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó ṣe é

Ènìyàn tí a bá tẹ̀ ní ikùn lójijì yóò dì í. Ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe agídí. Ọ̀rọ̀ ló lè dá a dúró, kò sì pọ̀. Àpẹẹrẹ kan rèé tí ẹ lè lò bó ṣe wà:

"Ẹ kú àárọ̀, màmá. Ẹ kú ìnira. Màá gbé nǹkan rírọ̀ kan lé ikùn yín, màá sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí oògùn funfun tí ẹ mu lè tàn káàkiri. Ẹ ó mọ̀ pé mo tẹ̀ yín, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dùn yín. Bí ó bá dùn yín, ẹ fi ọwọ́ gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, màá tú u lójú ẹsẹ̀. Mi ò ní bi yín pé kí ló dé kí n tó tú u."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun lè dá a dúró nígbàkígbà kì í sábà dá a dúró.

Mo fẹ́ràn gbígbá tábìlì ju nínà ọwọ́ sókè lọ. Bí aláìsàn bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ọwọ́ òsì nìkan ló ṣófo, àgbàlagbà mìíràn kò sì ní fẹ́ na ọwọ́ òsì sí ènìyàn. Tábìlì kò mọ ọwọ́ òsì.

Àwọn àgbà wa sì ní ìfaradà tó lè ṣì wá lọ́nà. Ẹ ó bi màmá pé, "Ṣé ó ń dùn yín, mà?" Wọ́n á ní, "Rárá o, ọmọ mi, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ á ti ká wọlé, àtàǹpàkò á dúró ṣánṣán. Ó ń dùn wọ́n. Ẹ tú u.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ní kí aláìsàn gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ gbọ́. Bí ó bá rẹ́rìn-ín nígbà tó ń gbá a, ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ nìyẹn.

ÌGBÉSẸ̀ 4: Ẹ jẹ́ kí ikùn dẹ̀

Ẹ fi ìrọ̀rí sí abẹ́ orúnkún kí orúnkún ká díẹ̀. Ẹsẹ̀ tó nà gbọnrangandan ń fa awọ ikùn le. Ọwọ́ aláìsàn kò gbọdọ̀ wà lókè orí, kí ó gbé e lé àyà tàbí kí ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ tún fi ìrọ̀rí gbé orí sókè díẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ ra ara wọn kí wọ́n gbóná. Nínú yàrá tí éésì ti ń fẹ́ láti òwúrọ̀, onírọ́bà máa ń tutù nini, ó sì tó ohun tó lè mú ikùn ṣún kì. Ẹ gbé e sábẹ́ aṣọ ìbora ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí aṣọ fẹ́lẹ́ kan wà láàárín rẹ̀ àti awọ ara.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ aláìsàn ní mímí. "Ẹ mí sínú… ẹ mí síta, ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jáde… ẹ dúró bẹ́ẹ̀, ẹ má mí… ó yá, ẹ máa mí." Ẹ ṣe é títí yóò fi mọ́ ọn lára láìsí ìtànṣán, láìsí síbí, ọwọ́ lásán ni kí ẹ gbé lé ikùn. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára fúnra yín: bí èémí ṣe ń jáde, ikùn á máa rì sísàlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín. Ibi tó bá rì dé yẹn ni ẹ̀bùn tí ó fún yín.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: "Ẹ mí sínú, ẹ dúró!" Ti àyà nìyẹn. Ní ti ikùn, mímí sínú máa ń ti ìfun sísàlẹ̀ kí wọ́n ṣù pọ̀, ikùn á sì le.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nígbà tí èémí bá jáde tán, ìka yín mẹ́rin tó tẹ́ pẹrẹsẹ gbọ́dọ̀ lè rì láìjẹ́ pé aláìsàn dì í. Bí ó bá ṣì ń dì í, ẹ bi í ní orúkọ ọmọ rẹ̀, ẹ bi í ní ọ̀nà tó gbà wá. Ikùn kì í sábà dì bí ẹnu bá ń sọ̀rọ̀ gidi.

ÌGBÉSẸ̀ 5: Títẹ̀

Ibí yìí ni kí a ti fara balẹ̀.

Ẹ gbé bàlúù tí a kò tíì fẹ́ lé ibi tí ẹ fẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó síbẹ̀ fún èémí kan tàbí méjì láìtẹ̀ ẹ́, kí ara mọ̀ ọ́n. Bí èémí bá ń jáde, ẹ tẹ̀ lé ikùn wọlé. Bí ó bá mí sínú, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sí i, ẹ má sì yọ ọ́: ẹ dúró lójú kan. Èémí kejì jáde, ẹ tún tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èémí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ó ti dé ibi tí apá ìbá gbé yín dé, kò sì ní sí ariwo. Bí síbí ni ẹ ń lò, inú rẹ̀ tó tẹ́ ni kí ó kan ara, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀.

Ẹ máa wo barium lójú ẹ̀rọ bí ẹ ṣe ń tẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni yóò jẹ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, yóò máa ṣí, ìlà àwọn ìṣẹ́po á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti yà á. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, barium á sá lọ tán, ògiri méjèèjì á lẹ̀ pọ̀. Ọgbẹ́ kékeré á parẹ́, tàbí kí ibi tí kò ní nǹkan kan dà bí ẹni pé ó ní kókó. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ pé kí wọ́n ya ibi kan náà ní ìwọ̀n títẹ̀ tó yàtọ̀: díẹ̀, àárín, àti èyí tó jù ú lọ díẹ̀. Ohun tó bá hàn nínú ju ọ̀kan lọ ni a lè gbà gbọ́ jù.

Ibi tí a ń tẹ̀ kò rí bákan náà. Òkè àpòlúkù wà lábẹ́ egungun ìhà, kò sí bí a ṣe lè tẹ̀ ẹ́ dé, nítorí náà ẹ má fi síbí gún egungun ìhà ẹni ẹlẹ́ni. Ìsàlẹ̀ àpòlúkù àti ibi tó ti já sínú ìfun kékeré, tí ọgbẹ́ inú fẹ́ràn jù, ni títẹ̀ wúlò fún. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ máa ń gba iwájú egungun ẹ̀yìn kọjá. Bí aláìsàn bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, síbí níwájú, egungun lẹ́yìn, àpòlúkù láàárín: ìrora gidi nìyẹn, àwòrán èké sì ni. Ẹ yí i díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí àpòlúkù kúrò lórí egungun, kí ẹ tó tẹ̀.

Fún ìfun kékeré, ìparí rẹ̀, níbi tó ti wọ inú ìfun ńlá ní ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ló gba sùúrù jù. Ẹ fi ojú wá àárín ìdodo sí ṣóńṣó egungun ìbàdí ọ̀tún, agbègbè yẹn ni. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó bá wọ inú ìfun, ibẹ̀ ló sábà máa ń ba sí, nítorí náà ó lè ti ń dun aláìsàn kí ó tó wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò dùn ún, ẹ máa rìn lọ síbi tó ń dùn ún. Bí ìfun bá ti wọ́ sínú ìsàlẹ̀ ìbàdí, ẹ fi síbí sókè egungun abẹ́ ikùn, kí ẹ rọra ti ìfun sókè dípò kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ìkìlọ̀ lórí ìbọ̀wọ́ òjé: ọwọ́ tí kò wọ ìbọ̀wọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ìtànṣán láéláé. Kódà, bí ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹ má fi í pẹ́ níbẹ̀. Bí òjé bá bo ojú àwòrán, ẹ̀rọ tó ń ṣètò ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ á rò pé aláìsàn ti sanra sí i, á sì fi ìtànṣán kún un. Aláìsàn ni yóò gbà á, ẹ̀yin náà á gba èyí tó ta padà. Ohun ìtẹkùn tó ní ọwọ́ gígùn sàn jù.

Ìkìlọ̀ kejì: bí tábìlì yín bá ní bẹ́líìtì ìtẹkùn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì í ní gbogbo ìgbà tó bá wà lára aláìsàn. Bí iná bá lọ, ẹ tú bẹ́líìtì kí ẹ tó sáré lọ sídìí jẹnẹrétọ̀.

Ìrora òjijì, ikùn tó le gan-an, òógùn tútù, tàbí ìrora tó pọ̀ sí i nígbà tí ẹ gbé ọwọ́ kúrò ju ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ: iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ẹ pe dókítà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìṣẹ́po hàn, barium ṣì wà níbẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ aláìsàn nà.

ÌGBÉSẸ̀ 6: Bí kò bá sí fluoroscopy, ẹ lo ìdojúbolẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ibi ìyàwòrán ló ní ẹ̀rọ tó ń fi ìfun hàn bó ṣe ń lọ. Pẹ̀lú X-ray lásán náà, a lè tẹ ikùn: ìwúwo ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ya ìfun kékeré nígbà tí ènìyàn bá dojú bolẹ̀. Ìfun á tẹ́, wọ́n á sì yàgò fún ara wọn.

Lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti mu nǹkan bí mílílítà 500 barium tí a pò ṣàn, à ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 síra wọn ní wákàtí àkọ́kọ́, títí barium yóò fi dé ìfun ńlá. Ó lè gba wákàtí méjì, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Láàárín àwòrán kan sí èkejì, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ tàbí kí ó máa rìn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló ń jẹ́ kí àpòlúkù tètè tú nǹkan sínú ìfun.

Bí ẹ bá ti rí i pé ìfun ṣù pọ̀ sójú kan, ẹ ki fóòmù bọ abẹ́ ibẹ̀. Ẹ má ṣe é nípa gbígbé aláìsàn lé fóòmù. Kí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ gbé fóòmù sí ipò rẹ̀, kí ó wá rọra yí lé e bí èémí ṣe ń jáde. Kí ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ọmọ ìka má baà gún tábìlì. Èémí jáde tán, ó dúró, ẹ yà á, ẹ yọ fóòmù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí fóòmù kí ẹ máa wo àwòrán ẹlòmíràn.

Fóòmù tó nípọn jù ló ń ṣe àwọn ènìyàn léṣe níbí. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó ní ikùn ńlá kò nílò rẹ̀ rárá, ìwúwo tirẹ̀ ti tó. Ẹni tí mímí ń ni lára, tàbí tó ní ojú ìgbẹ́ tí wọ́n là sí ikùn, kò gbọdọ̀ dojú bolẹ̀. Ọmọdé, ẹ fi sílẹ̀ fún dókítà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé àwòrán tí kò ní fóòmù sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó ní i. Bí ìfun kò bá yà sọ́tọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ipò fóòmù ni kí ẹ yípadà. Ẹ má fi kún sísanra rẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ 7: Títú u, àti ọ̀rọ̀ ìdágbére

Bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni a ó ṣe tú u. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú bàlúù jáde kí ẹ tó gbé e kúrò. Bí ẹ bá gbé e kúrò fìrì, ikùn á ta, aláìsàn á sì rántí ìyẹn ju gbogbo ìyókù lọ. Kí ó jókòó díẹ̀ sí etí tábìlì kí ó tó sọ̀kalẹ̀. Ó ti gbààwẹ̀ láti òru, òòyì lè kọ́ ọ.

Ẹ wo awọ ikùn rẹ̀. Bí ó bá pọ́n díẹ̀, yóò lọ láìpẹ́. Bí ó bá bó tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ohun ìtẹkùn yín ní etí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹlòmíràn tó wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un: "Ẹ lè jẹun báyìí. Ẹ mu omi dáadáa lónìí àti lọ́la. Ìgbẹ́ yín yóò funfun fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Bí ẹ kò bá yàgbẹ́ títí ọjọ́ kejì, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kí ó fún yín ní oògùn tí yóò mú un rọ̀. Bí inú bá wú, tàbí tí ó ń ro yín gan-an, tàbí tí ẹ ń bì, ẹ má dúró dọ̀la."

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà tó ń ka àwòrán: ibi tí ẹ tẹ̀, ibi tí ẹ kò lè tẹ̀ àti ìdí rẹ̀, ibi tí ó ti dun aláìsàn. Bí ìrora bá wà ní ojú kan náà pẹ̀lú ohun tó hàn lórí àwòrán, ó fẹ́ mọ̀.